Òjé Inú Ara, àti Oògùn tí í Bọ́ Ọ

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Òjé ti bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ." Nípa oyè tí a ti jẹ, tàbí ohun tí ó ti ṣẹ tí kò ṣeé yí padà mọ́, ni a sáàbà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí àwa fẹ́ mú un bí ó ti wà gan-an, nítorí òjé fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe òjé ọrùn ọwọ́, bí kò ṣe èyí tí ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti egungun ènìyàn. A fẹ́ béèrè bóyá ó ṣeé bọ́, irú oògùn wo ni ó lè bọ́ ọ, àti ibi tí agbára oògùn náà mọ.

Ohun tí ó mú wa yan kókó yìí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí. Ẹni tí ó bá gba Gbági àtijọ́ kọjá lọ sí Ògúnpa tàbí sí Dùgbẹ̀ yóò gbọ́ ohùn àwọn tí ń polówó oògùn láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: oògùn tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, tí ń fọ ẹ̀dọ̀, tí ń kó gbogbo májèlé ara dà nù láàárín ọjọ́ méje. Kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí àtẹ ẹlòmíràn tí ìgò tìróò wéwèèwé wà lórí rẹ̀. A kò wí pé òṣìkà ni èyíkéyìí nínú àwọn olùtajà wọ̀nyí. Oúnjẹ òòjọ́ ni olúkúlùkù wọn ń wá. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí ó lè kó òjé sí ọmọ lára wà lórí àtẹ kan, ohun tí a ní yóò kó o jáde wà lórí èkejì, ìyá ọmọ sì lè ra méjèèjì ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà.

Àwọn baba wa mọ òjé dáadáa. Ó rọ̀, ó wúwo, iná tí kò tó èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń yọ́ irin sì ti tó láti yọ́ ọ. Nítorí náà ni ó fi dára fún ẹ̀gbà ọwọ́, fún ọta ìbọn, àti fún ìwúwo àwọ̀n apẹja. Ní ayé òde òní, inú bátìrì ọkọ̀ àti bátìrì tí a ń fi pa iná mọ́ sí ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Tìróò tòótọ́ pẹ̀lú, òkúta dúdú dídán kan ni a lọ̀ kúnná tí a fi ń ṣe é, àdàpọ̀ òjé àti imí-ọjọ́ sì ni òkúta náà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bu dúdú tí a ń tà ní orúkọ tìróò ni ó ní òjé nínú, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ ìdílé tí ó ti Nàìjíríà lọ, a sì bá òjé nínú rẹ̀. Àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà rí i pé ìdílé rẹ̀ ń lé tìróò sí i ní ìpéǹpéjú, tìróò tí a rà ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wọn tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tí ó jẹ́ òjé pọ́ńbélé. Ọmọ a fi ọwọ́ nu ojú, a sì fi ọwọ́ kan náà sí ẹnu; kò sí ọ̀nà tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti bátìrì gbòòrò ju ti tìróò lọ. Àwọn kan ń fọ́ bátìrì tí ó ti kú, wọ́n ń da omi kíkan inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ òjé rẹ̀ nínú àgbàlá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ní Olódó, lẹ́bàá Ìbàdàn yìí, a kó ìdàrọ́ òjé dà sílẹ̀ ní ìgbà kan débi pé ó di iṣẹ́ ìwádìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn. Ní Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì àlòkù pọ̀ sí, àwọn akọ̀ròyìn The Examination àti ti New York Times mú kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn wò, òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2025, wọ́n wí pé nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti tó èyí tí ń pa ara lára.

Kí ni òjé ń ṣe nínú ara? Ara ènìyàn kò ní ìlò kankan fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó fi ara jọ kálísíọ́mù, èròjà tí í mú egungun àti eyín le, tí ó sì tún ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ara kò dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Ó gba àlejò náà wọlé bí ẹni pé ọmọ ilé ni, ó fún un ní àyè nínú egungun, ó sì jẹ́ kí ó dé ọpọlọ. Òjé tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ a máa dín sí ìlàjì láàárín bí oṣù kan, bí òmíràn kò bá wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti wọ egungun lè gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, tí ara rẹ̀ sì ń yá èròjà láti inú egungun tirẹ̀ láti fi kọ́ egungun ọmọ, òjé tí ó wọ ìyá lára nígbà èwe lè bá ọ̀nà yìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí a kò tíì bí.

Ìfun ọmọdé a máa fa òjé mu ju ti àgbà lọ, pàápàá bí inú rẹ̀ bá ṣófo. Bí ó bá pọ̀, inú rírun dé, ìgbẹ́ kò yá mọ́, ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ, oúnjẹ kò wu ọmọ jẹ. Bí ó bá wá pọ̀ jọjọ, gìrì mú un, ó sì lè dákú tàbí kí ó kú. Ní ilẹ̀ wa, ohun púpọ̀ ni a máa ń ka gìrì sí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan òjé. Bí ó bá sì kéré, ọmọ náà kò ní ṣàìsàn rárá. Yóò kàn máa pẹ́ kí ó tó mọ ìwé, yóò máa bínú láìnídìí, olùkọ́ yóò sì pè é ní olódo. Ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi èyí hàn. Máíkírógíráàmù ni wọ́n fi ń wọn òjé náà. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù. A ó sì ka iye rẹ̀ tí ó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀. Ti ọmọ Boston nì jẹ́ 13. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, ní kí a wá orísun òjé náà rí bí ó bá ti pé 5, àti pé bí ti ọmọdé bá pé 45, kí a fún un ní oògùn tí í fa òjé jáde.

Ní ọdún 1920, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì méjì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Morgan àti Drew, wá orúkọ fún irú èròjà kan tí í fi ọwọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di irin mú lẹ́ẹ̀kan náà. Èdè Gíríìkì ni wọ́n yá a láti inú rẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọwọ́ akàn. Ẹni tí akàn bá ti di ìka rẹ̀ mú rí ní etídò kò ní béèrè ìdí. Àwa ìbá kúkú pè é ní ẹ̀mú. Alágbẹ̀dẹ kì í fi ọwọ́ lásán gbé irin gbígbóná. Ẹ̀mú ni ó fi ń há a láti ọ̀tún àti láti òsì, tí ó sì fi ń gbé e kúrò nínú iná láìjẹ́ kí ó jó ohun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oògùn yìí ń ṣe. Ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó há òjé mọ́ àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, òjé náà kò sì ní àyè láti fara mọ́ ohun mìíràn mọ́. Àwọn méjèèjì yóò jùmọ̀ yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀, wọn yóò gba inú kíndìnrín kọjá, wọn yóò sì bá ìtọ̀ jáde.

Ogun ni ó bí èkíní nínú àwọn oògùn wọ̀nyí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ẹ̀rù ń ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀tá lè da májèlé lewisite lé wọn lórí, èyí tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀. Rudolph Peters àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Oxford wá èròjà tí yóò gba ásẹ́níìkì náà mú, wọ́n sì rí i: imí-ọjọ́ méjì ni ó fi ṣe ọwọ́. Dimercaprol ni orúkọ rẹ̀. Òróró ẹ̀pà ni a ń pò ó mọ́ kí a tó gún un lábẹ́rẹ́ sínú ẹran ara, ó sì ń dun ni púpọ̀. Èkejì ni EDTA, tí Ferdinand Münz kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì ní ọdún 1935 fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1950 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí fi wo àwọn tí òjé bà lára jẹ́. Ẹ̀kẹta ni DMSA, tí a tún ń pè ní succimer. Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ lò ó káàkiri, láti bí ọdún 1957, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbà á láyè fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1991. Ó sàn ju àwọn ìṣáájú lọ ní ti pé ẹnu ni a fi ń gbé e mì, bí ó tilẹ̀ ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Nàìjíríà tiwa yìí ni a ti lo oògùn yìí fún àwọn ọmọdé ní ọ̀nà tí ayé kò tíì rí irú rẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, ìròyìn kan ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières, èyíinì ni Àwọn Oníṣègùn Aláìláàlà, pé àwọn ọmọdé ń kú ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Gìrì ni ó ń mú wọn, oògùn ibà kò sì ràn wọ́n. Ní àwọn abúlé bí Dareta àti Yargalma, àwọn ènìyàn ń wa wúrà, òkúta tí wúrà náà wà nínú rẹ̀ sì kún fún òjé. Wọ́n ń gbé òkúta náà wá sí ilé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ sì bo àgbàlá, ẹní, ìkòkò, àti ara ọmọ tí ń rákò. Nígbà tí a ka àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní abúlé méjì, 463 ni wọ́n. 118 nínú wọn ni ó ti kú láàárín ọdún kan. A yẹ ẹ̀jẹ̀ 204 wò nínú àwọn tí ó kù, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni òjé ara wọn sì ti pé 45 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo agbègbè náà, àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 400.

Oògùn DMSA dé. Ọjọ́ 19 ni ìlò kan rẹ̀ sábà máa ń gbà: ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2010 títí di oṣù Kẹfà ọdún 2011, a fún ọmọ 1,156 ní ìlò 3,180. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlò mẹ́ta fún ọmọ kan. Ìdí rẹ̀ ni egungun tí a sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oògùn náà a gbá inú ẹ̀jẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti dáwọ́ dúró, òjé inú egungun a tún máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, bí omi ti í sun sínú kànga tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn gbẹ. Díẹ̀ péré nínú àwọn ọmọ tí a fún ní oògùn ni ó kú, bẹ́ẹ̀ sì ni kí oògùn tó dé, òkú ni a ń sin lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àwọn oníṣègùn náà kọ̀ láti ṣe. Ní Bagega, abúlé tí ó tóbi jù nínú àwọn tí ọ̀ràn yìí kàn, wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ní oògùn nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì mọ́. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ ha erùpẹ̀ olójèé kúrò ní àgbàlá gbogbo, kí a sì fi erùpẹ̀ tí ó mọ́ rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ní àwọn abúlé ìṣáájú. Ọmọ tí ó gbé oògùn mì ní òwúrọ̀ tí ó sì jókòó sínú eruku kan náà ní ọ̀sán, omi agbọ̀n ni a ń pọn sí i lára. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlérí mílíọ̀nù 850 náírà fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n owó kò jáde títí ọdún 2013 fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni àwọn òbí Bagega fi ń wo ọmọ wọn, tí wọ́n mọ ohun tí ń ṣe é, tí wọ́n sì mọ̀ pé oògùn rẹ̀ wà. Àwa kò mọ orúkọ tí a lè pe irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ju ìwà ìkà lọ.

Oògùn náà ní ààlà mìíràn tí ó korò láti gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, a kó ọmọ 780 jọ tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín 20 àti 44. A fún àwọn kan ní succimer, a sì fún àwọn ìyókù ní hóró oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó lo succimer wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán òye gbogbo wọn wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ọdún 2001 ni a tẹ àbájáde yìí jáde. Ẹ̀mú lè gbé irin kúrò lórí aṣọ. Kò lè di ojú ibi tí ó ti jó.

Ewu wà nínú ẹ̀mú náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe òjé nìkan ni ó lè dì mú. Oríṣi EDTA méjì ni ó wà, orúkọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Nínú èyí tí a fi ń wo àìsàn òjé, a ti fi kálísíọ́mù sí ẹ̀mú lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pàdé òjé, yóò ju kálísíọ́mù náà sílẹ̀, yóò sì gbá òjé mú. Nínú èkejì, ọwọ́ ẹ̀mú ṣófo, kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ sì ni yóò kọ́kọ́ jágbà. Láìsí kálísíọ́mù, ọkàn ènìyàn kò lè lù. Ní ọdún 2005, ọmọ méjì kú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Texas, èkejì ní Pennsylvania, nítorí pé èyí tí kò yẹ ni a fà sí wọn ní iṣan. Obìnrin kan ti kú irú ikú kan náà ní Oregon ní ọdún 2003. Ọmọ Pennsylvania nì kò tilẹ̀ ní àìsàn òjé: àìsàn ọpọlọ kan tí oògùn yìí kò lè wò ni àwọn òbí rẹ̀ ń wá ìwòsàn fún. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní ọwọ́ dókítà, kí ni ẹni tí ń ta oògùn lórí bẹ́ǹṣì yóò ṣe? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ tí ń tà á láìsí àṣẹ dókítà.

Ní ti àwọn ìgò tí a ń polówó ní ọjà wa, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ẹ̀mú kankan nínú rárá. Ohun tí ń yàgbẹ́ ni wọ́n, òjé inú egungun kò sì sí ní ọ̀nà ìgbẹ́. Àwọn oníwádìí tilẹ̀ ti ra àgbo inú ìgò ní ọjà Nàìjíríà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá òjé nínú àwọn kan. Ìwé ìwádìí náà jáde ní ọdún 2006. Ẹ̀rọ kan sì tún wà tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ inú omi rẹ̀, tí omi náà yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí a ó ní májèlé ni ó jáde. Irin tí ó wà nínú omi iyọ̀ náà ni ó ń dípẹtà. Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kí ó tan ẹ̀rọ náà láìti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nítorí òjé nìkan ni irú oògùn yìí ṣe wà. Àwọn aláìsàn ẹ̀jẹ̀ foníkúfọláradídẹ tí a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà a máa ní irin àpọ̀jù nínú ẹ̀dọ̀, oògùn deferoxamine sì wà fún èyí. Mẹ́kúrì tí ó wà nínú àwọn ìpara abóra mìíràn pẹ̀lú ní oògùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó de gbogbo wọn: ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, dókítà ni yóò sì yan oògùn.

Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ bátìrì ní Gáàtì tàbí níbikíbi, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ibi iṣẹ́, kí ó sì wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wà ní ebi fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, ẹ̀fọ́ àti wàrà, nítorí inú tí irin àti kálísíọ́mù wà kì í fi ìrọ̀rùn gba òjé. Ìyá tí ó bá ti ń lé tìróò sí ojú ọmọ, kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Bí ó bá gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sọ fún dókítà láìfi nǹkan kan pamọ́, kí ó sì mú ìgò tìróò náà dání pẹ̀lú igi rẹ̀, nítorí a lè wọn òjé inú rẹ̀ ní yàrá ìwádìí gẹ́gẹ́ bí a ti ń wọn ti ẹ̀jẹ̀.